Káàdì àfọwọ́kọ fún ìdìbò káńsẹ́lọ̀: ohun tí ojú mi rí ní Kubwa

Àbúrò tó béèrè pé ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀ ní Abuja níbí, pé òun gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà àwọn èèyàn máa ń jókòó sílé wọn, wọ́n á máa fọwọ́ kọ káàdì sí olùdìbò tí wọn ò mọ̀ rí, ṣé irú ẹ̀ lè bá wa lára mu: ó lè bá wa mu, bí ẹ bá lè gbà pé tiwọn àti tiwa ò lè rí bákan náà. Mo ti ṣe é. Ní Kubwa ni, nígbà ìdìbò 12 oṣù Kejì ọdún 2022, fún ọkùnrin kan ní àdúgbò wa. N kò ní dárúkọ ẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní ọwọ́ mi dára, kí n wá bá àwọn kọ ọ́. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ ni pé ẹni tó bá gbé káàdì náà dé ẹnu ọ̀nà ló ń jẹ́ kí wọ́n kà á. Bí ẹ ò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, ẹ yáa fowó páálí jẹun.

Ti àwọn ará Amẹ́ríkà rọrùn. Orúkọ olùdìbò àti àdírẹ́sì ẹ̀ wà nínú ìwé tí olùdíje lè rí gbà. Ilé ní nọ́ḿbà, àpótí lẹ́tà wà níta, apínlẹ́tà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ akọkáàdì wọn bẹ̀rẹ̀ ní 2017, nígbà ìdìbò àfidípò kan sílé aṣojú-ṣòfin wọn láti ìpínlẹ̀ Georgia, tí àwọn èèyàn tí kì í ṣe ará ibẹ̀ ń kọ káàdì ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún fìdí rẹmi lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n káàdì kíkọ ò dáwọ́ dúró.

Ní tiwa ńkọ́? Ẹ ní kí ará Kubwa fún yín ní àdírẹ́sì ẹ̀. "Bí ẹ bá ti kọjá mọ́ṣáláṣí, ẹ máa wo géètì dúdú kan lọ́wọ́ òsì, ibi tí àwọn ọmọ ti ń gba omi, bí ẹ bá débẹ̀ ẹ fóònù mi." Ta ló máa lẹ sítáǹpù mọ́ ìyẹn? Ẹni tó bá ń gba lẹ́tà láàárín wa, inú àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń bọ́ sí, ọ̀pọ̀ ló sì ń lo àpótí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ibi iṣẹ́. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Àtẹ Kẹrin nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí, kà á mọ́ iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n máa sọ òpópónà lórúkọ, kí wọ́n sì máa kọ nọ́ḿbà sára ilé, pẹ̀lú ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú àti pápá ìdalẹ̀nù. Èyí ni pé ọwọ́ ipò tí à ń kọ káàdì nítorí ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tí wọn ò ṣe, tí kò jẹ́ kí káàdì délé, wà. Mo sọ fún olùdíje wa pé kó fi nọ́ḿbà ilé sínú ìpolongo ẹ̀, ó sì fi í sí i. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó dá wa lóhùn lórí ẹ̀. Gọ́tà ni wọ́n ń bi wá.

Ẹ máa gbọ́ "káńsẹ́lọ̀, kí ló fẹ́ ṣe fún wa?" títí etí yín á fi di. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn rán wọn létí pé Abuja ò ní gómìnà tí a dìbò yàn, kò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bíi ti ìpínlẹ̀. Ààrẹ ló ń yan mínísítà tó ń ṣàkóso wa. Bí a bá yọ sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojú méjì tí a ní nílé aṣòfin àpapọ̀ kúrò, àwọn alága káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Abaji, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti ti àárín ìlú tí wọ́n ń pè ní AMAC, pẹ̀lú káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù méjìlélọ́gọ́ta, ni gbogbo ẹni tí ìbò wa ń gbé wọlé níbí. Ní 2025 tí àwọn olùkọ́ LEA, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba níbí, gùn lé ìyanṣẹ́lódì lórí owó oṣù tuntun ₦70,000, tí àwọn ọmọ jókòó sílé ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀dọ̀ àwọn káńsù ni ọ̀rọ̀ owó náà há sí. Láti ìgbà yẹn, n kì í ṣàlàyé púpọ̀ mọ́ fún obìnrin tó ní ọmọ ní LEA.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ káàdì gan-an.

Káàdì àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ ní "ẹ dìbò fún wa" nínú rárá. Ìbéèrè ni kó wà níbẹ̀: ibo ni PVC yín, ìyẹn káàdì ìdìbò, wà? Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé àárín wa, Ìbàdàn, Ìlọrin, Òṣogbo, Kàbà ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Wọ́n á fi gbogbo ẹnu ṣàdúrà fún ẹ̀gbọ́n yín, ìbò wọn sì wà nílé. Gbígbé ìforúkọsílẹ̀ kúrò níbì kan lọ síbòmíràn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ INEC, àjọ elétò ìdìbò, ṣùgbọ́n òfin ní kí ìforúkọsílẹ̀ dúró ó kéré tán àádọ́rùn-ún ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ káàdì nígbà tí póòsìtà ti gba gbogbo ògiri, ó ti pẹ́ jù. Àwọn tó ń gbé Mararaba ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Nasarawa nìyẹn. Wọ́n lè máa jí wá síbi iṣẹ́ ní Abuja lójoojúmọ́, bí ìforúkọsílẹ̀ wọn bá wà níbi tí wọ́n ń sùn, wọn ò lè dìbò fún yín. Ẹ kí wọn, kí ẹ kọjá.

Káàdì kejì ló wúlò jù, ìdí sì nìyí. Ní 2021 INEC fi kún iye ibùdó ìdìbò káàkiri orílẹ̀-èdè. Níbí, 562 ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n di 2,822. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ti 2022 dé, ẹni tó ti ń dìbò nídìí igi máńgòrò kan láti ọdún pípẹ́ lè wà lórúkọ ní ibòmíràn láìmọ̀. A wá ń kọ orúkọ ibùdó onítọ̀hún sára káàdì ẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: iléèwé wo, ẹ̀gbẹ́ wo nínú iléèwé náà, àti pé aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n máa parí. Irú káàdì yìí ni mo rí lára ògiri, tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà ẹ má tìtorí èyí máa gba nọ́ḿbà PVC èèyàn kọ sínú ìwé o. Ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, kí ẹ wo orúkọ ibùdó, kí ó sì nu ún kúrò lójú ẹ̀. Àwọn kan ti fi gbígba nọ́ḿbà kiri ba ọjà jẹ́. Tí ẹ bá ti mú ìwé jáde báyìí, ìyá àgbà á ní òun ò ní káàdì.

Lórí páálí: ẹ sọ fún atẹ̀wé pé ẹ̀yìn ẹ̀ kò gbọdọ̀ dán. Tiwa, ó fi ohun dídán bo iwájú bo ẹ̀yìn, ó ní kí ó lè rẹwà. Bírò ń yọ̀ lórí ẹ̀, ó ń tú. Bí mo bá kọ "ẹ kú iṣẹ́", tí ọwọ́ mi kọjá lórí ẹ̀, ó di ẹ̀gbin búlúù, àtẹ́lẹwọ́ mi sì dà bíi ti aláró. A ní láti tún òmíràn tẹ̀. Ẹ má fi fọ́tò olùdíje gba gbogbo iwájú náà, nítorí àwọn póòsìtà ti sọ ojú wọn di ohun tí èèyàn ń wò kọjá. Orúkọ ẹ̀, wọ́ọ̀dù, àmì ẹgbẹ́ ní kékeré, ó tó.

Ohun tí ẹ máa kọ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pé kí gbogbo yín máa dà á kọ. Ojúlé mẹ́rin nínú ọgbà kan ṣoṣo á gba káàdì, wọ́n á kó o pa pọ̀, wọ́n á rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó tán nìyẹn. Èyí ni ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ, mo ṣì rántí ẹ̀ nítorí ẹni tó ni ín kì í jẹ́ kí n gbàgbé:

"Ìyá alákàrà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òórùn gọ́tà. Ẹ ní omi yẹn ló ń lé oníbàárà yín. Mo ti sọ ọ́ fún ọkùnrin tó ń du káńsẹ́lọ̀, ó ní òun á wá wò ó fúnra òun lọ́jọ́ Sátidé láàárọ̀. Bó bá dé, ẹ má wo ojú rẹ̀ o, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Èmi ni, ìyá aláṣọ tòsí ilé epo."

Ẹ rí i pé kò sí ìbò níbẹ̀. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé náà, ìyá sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un lóòótọ́, títí kan èyí tí kò kan gọ́tà. Bí kò bá wá ni, ì bá sàn kí n má kọ nǹkan kan rárá. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìlérí sára páálí, ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín bóyá ó ní ẹsẹ̀ tí yóò fi tọ̀ ọ́.

Ohun mìíràn: àwọn kan ò lè kàwé, tàbí kí ojú wọn máà ríran mọ́, ẹni tó gbé e wá ló máa kà á sí wọn létí. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀, bí ẹ bá ń kà á fún ẹnì kan, gbogbo ilé ló ń gbọ́. Ẹ má kọ ohun tí ará yàrá kejì ò yẹ kó gbọ́. Ẹ má kọ gbèsè, ẹ má kọ àìsàn, ẹ má kọ "ọmọ yín tó ń wáṣẹ́". Àmọ́ kíkà sókè yìí náà dùn o. Mo rí i tí àwọn ará ilé ń béèrè pé "tèmi ńkọ́?", bíi pé owó oṣù ni à ń pín.

Ọ̀rọ̀ owó dé. Ẹ má fi káàdì sínú àpòòwé láéláé. A gbìyànjú ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Bàbá kan gba tiẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sétí, ó gbé e sókè wo oòrùn lára ẹ̀, ó ya ẹnu ẹ̀, ó fi ìka wádìí ìsàlẹ̀, ó wá bojú wò mí pé, "Ṣé èyí nìkan ni?" Kò tíì ka lẹ́tà kan nínú ẹ̀ o. Èèyàn ò lè dá a lẹ́bi, nítorí ohun tí àsìkò ìdìbò ti kọ́ ọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń gbé káàdì lọ ní ìhòòhò, kí gbogbo ayé rí i pé páálí ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìpolongo yín bá dábàá pé kí a fi ₦500 há a lábẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Fífowó ra ìbò lòdì sófin, ẹni tó ń fún àti ẹni tó ń gbà ló ń jẹ̀bi, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, káàdì tí kò ní owó á di àbùkù.

Èdè. Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín jẹ́ Yorùbá, á wù ú kó kọ ọ́ sí àwọn Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ la ni ilẹ̀ tí a dúró lé. Àwọn Gbàgyí ló ni ín, àwọn Hausa, Igbo, Tiv àti àwa la bá wọn níbẹ̀, kò sì sí wọ́ọ̀dù kan tí mo mọ̀ ní agbègbè wa tí Yorùbá nìkan lè gbé èèyàn wọlé. Lọ́jọ́ tí ìròyìn bá kàn pé ilé Yorùbá nìkan ni káàdì ń wọ̀, ìpolongo yín ti di ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Hausa láti inú ìyá ẹ̀ kí ó kọ ti Hausa, ẹ wá Gbàgyí kí ó kọ ti Gbàgyí, kí ẹni náà sì kọ orúkọ ara ẹ̀ sísàlẹ̀. Hausa ọjà tèmi tó fún kí n fi ta áńkárá, kò tó láti fi bẹ àgbà. Kí ẹ sì tó pín káàdì kan ní abúlé àwọn onílẹ̀, ẹ lọ kí baálẹ̀ wọn lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n yín fúnra ẹ̀ ni kó lọ, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

Ní ti àwọn agbékáàdì, ẹ má gba àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ń san owó fún lójúmọ́. Àwọn tiwa ti sanwó fún àwọn kan lẹ́yìn mi kí iṣẹ́ lè yá. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì mo lọ ra súyà, mo rí mái súyà tó ń fi nǹkan fẹ́ná, mo wò ó dáadáa, ọwọ́ mi ni mo rí lára ẹ̀. Páálí tó le dáadáa ni, mo gbà fún un, iná náà ń jó. Ó ní àwọn ọmọ kan ló kó o sílẹ̀ níbẹ̀ ní odidi ìdì. Àwọn tó gbé e dé ibi tó yẹ ni obìnrin aláta tí gbogbo òpópónà ń rà lọ́dọ̀ ẹ̀, tísà kan tó ń kọ́ ọmọ wọn lẹ́sìnnì, àti mẹ́gáàdì kan tí ó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé inú ọgbà náà. Ẹ fún wọn ní díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gba púpọ̀ á máa fi sábẹ́ ilẹ̀kùn, tí ẹ bá sì ti fi í sábẹ́ ilẹ̀kùn nínú oṣù Kejì, eruku ló máa kọ́kọ́ kà á.

Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí: òfin ìdìbò ò gba ìpolongo nínú ilé ìsìn. Pásítọ̀ wa lé wa níwájú géètì, ó ṣe dáadáa. Ìpolongo sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú ìdìbò; lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ ò gbọdọ̀ mú káàdì olùdíje sún mọ́ ibùdó ní ọ̀ọ́dúnrún mítà. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn yín kí wọ́n kọ orúkọ ibùdó sórí ìwé lásán bí wọ́n bá fẹ́ mú un dání lọ. Ti ọdún 2026, 21 oṣù Kejì tí INEC dá, inú Ààwẹ̀ ló bọ́ sí. Bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má gbé káàdì wọlé onílé ní àsìkò ìṣínu. Ó ń retí omi àti èso, ẹ sì ń na páálí sí i. Bí ẹ bá tún gbé ìrẹsì dání, ohun tí ẹ̀ ń ṣe ti di nǹkan mìíràn. Ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ kò dára, nítorí ó ti rẹ̀ wọ́n. Àárọ̀ Sátidé ni mo fọwọ́ sí.

Ó wá di ọjọ́ ìdìbò. Àwọn èèyàn tó jáde kéré, gbogbo wa mọ bí ìdìbò káńsù ṣe máa ń rí. Àwọn kan dé ibùdó, orúkọ wọn ò sí níbẹ̀, wọ́n sì lọ sùn. Ẹni wa ò wọlé. Ní ibùdó mélòó kan tí káàdì ti kárí, a ṣe dáadáa. Ní ìyókù, wọ́n fi wá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ṣé káàdì ló fa èyí tí a rí ni? N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà, nítorí ibẹ̀ náà ni àwọn agbékáàdì tó dára jù wà, bóyá wọ́n ì bá sì kó ìbò wá láìsí páálí kankan.

Páálí ṣẹ́ kù. Mo sọ fún olùdíje pé kó jẹ́ kí a fi í dúpẹ́. Inú ẹ̀ ò dùn, owó ti tán, àwọn tó ń jẹun nílé ẹ̀ ti fọ́n ká, ṣùgbọ́n ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó kọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ burú bíi ti dókítà. A fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tí a ti gbé káàdì wọ̀, àwọn tó sọ fún wa lójú wa pé ẹlòmíràn làwọn máa dìbò fún náà gbà. Bàbá Gbàgyí kan wà lára irú wọn. Ó mú tiẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ṣé wọ́n ní kí a tún ìbò dì ni? Mo ní rárá o. Ó ní kí wá ni káàdì ń wá? Mo ní ọkùnrin náà ní kí n kí yín. Ó dúró, ó ní kí n tún un kà fún òun. Ó wá ní òun ò tíì rí èyí tó padà wá lẹ́yìn ìdìbò rí, èyí tó wọlé ò padà wá, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ èyí tó já. Nígbà tó ń lọ, ó béèrè bóyá á tún jáde. Káàdì ìdúpẹ́ yìí mú èsì wá ju gbogbo èyí tí a fi tọrọ ìbò lọ. Àwọn kan wá sọ̀rọ̀ gọ́tà lọ́tun, bíi pé ó wọlé.

Kò tún jáde ní 2026 o, ó ní owó fọ́ọ̀mù ti ju òun lọ. Èyí ni pé gbogbo ìdúpẹ́ yẹn wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Nítorí náà, àbúrò, bí ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ gbé e ṣe, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí tí kò sí ìdìbò káńsù nítòsí, kí ó kọ ọ́ sí àwọn tí ó mọ̀ lórúkọ nìkan, kí ó sì béèrè PVC lọ́wọ́ wọn. Bírò búlúù, kí ó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Páálí tí kò dán lẹ́yìn. Bó bá fẹ́ wo díẹ̀ nínú àwọn tí mo kọ, kí ó yà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣì wà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ṣe ló fẹ́ kí n máa bá òun kọ ọ́ nígbà tí òun ń bá àwọn ọ̀gá jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ bá mi sọ fún un pé ọrùn ọwọ́ ti ń dun ìyá aláṣọ.